Orí Karùn-ún: Ọwọ́ Méjì Lórí Iná Kan

Mo mọ àtẹ̀gùn ilé kan dáadáa ní Bàrígà. Ilé alájà méjì ni, wọ́n sì kọ́ ọ mọ́ ti aládùúgbò débi pé oòrùn kì í rí ojú àtẹ̀gùn náà. Ọ̀sán gangan, òkùnkùn ni. Màmá onílé ń gbé lókè. Bí iná àtẹ̀gùn bá ń tàn lóru, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, oorun ò ní kùn wọ́n. Bí wọ́n bá sì pa á, àwọn ayálégbé tó ń ti ibi iṣẹ́ dé lẹ́yìn aago mẹ́wàá á máa fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn bí afọ́jú. Ọjọ́ tí oníná wá tún wáyà ilé ṣe ni Màmá bi í pé, “Ọ̀gá, ṣé ẹ lè ṣe é kí n máa ti òkè níbí dín iná yìí kù, kí ẹni tó bá ń wọlé náà sì lè ti ìsàlẹ̀ gbé e sókè?”

“Mọ́mì, kékeré nìyẹn. A ó fi dímà kan sókè, a ó fi ìkan sísàlẹ̀.”

Ó fi méjèèjì sí i lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n tan iná, ó ń ṣẹ́jú bí ẹni tí iyanrìn wọ̀ lójú. Bí Màmá bá sì yí tòkè lọ dópin, iná ò ní mọ́lẹ̀ ju ibi tí ẹni ìsàlẹ̀ yí tirẹ̀ dé. Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tí ì bá ti ṣiṣẹ́, ni orí yìí fẹ́ tú.

Dídín iná kù kì í ṣe nǹkan tuntun lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá lo fìtílà kẹrosíìnì rí mọ irin róbótó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: a fi ọwọ́ yí i, òwú yọrí, iná gbilẹ̀, a yí i padà, òwú wọlé, iná rẹlẹ̀. Epo ni àwọn bàbá wa ń ṣọ́ nígbà tí wọ́n bá ní kí a rẹ fìtílà sílẹ̀, kì í ṣe ojú ẹnikẹ́ni. Iná mànàmáná náà sì máa ń dín fúnra rẹ̀ ní Ṣómólú àti Bàrígà láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí gbogbo ilé bá ti tan fáànù, fíríìjì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi, gílóòbù á pọ́n bí ojú ẹni tó mutí yó, fáànù á máa yí bí ẹni tó ń ronú. Háàfù kọ́rẹ́ǹtì là ń pè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tí dímà ń ṣe nìyẹn, pé ó ń sọ iná di háàfù kọ́rẹ́ǹtì nínú yàrá kan ṣoṣo. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹni tó bá sì mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ohun tó ṣe iná Màmá.

Dímà ni orúkọ tí àwọn oníná ń pè é. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá pọ́ńbélé, adínnákù ni. Méjèèjì ni n ó máa lò, bó bá ṣe bọ́ sí mi lẹ́nu.

Ayùn tó wà nínú wáyà

Wáyà méjì ló ń gbé iná dé ibi gílóòbù. Ọ̀kan ni láìfù. N ó máa pè é ní wáyà alààyè, torí òun ló ń gbé ènìyàn. Èkejì ni nútírà, wáyà ìpadà, tí iná ń gbà padà síbi tó ti wá. Wáyà ilẹ̀ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọdẹ ni tirẹ̀: kì í ṣe nǹkan kan títí olè á fi dé.

Ohun tó wà nínú wáyà alààyè kì í ṣàn lọ sí apá kan bí omi ẹ̀rọ. Ẹ wo káfíńtà tó ń fi ayùn rẹ́ pákó. Ó tì í lọ, ó fà á bọ̀. Ní àlọ ó ń gé, ní àbọ̀ ó ń gé. Bí iná tó ń wọ ilé wa ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Ìgbà 50 ló ń lọ tó sì ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìgbà 100 ni ayùn náà ń gba ojú pákó kọjá. N ó máa pe ìkọjá kọ̀ọ̀kan ní ìfà kan. Iná àlọ-àbọ̀ ni irú iná yìí, kí a lè yà á sọ́tọ̀ sí iná alọ-má-bọ̀ tó wà nínú bátìrì tọ́ọ̀ṣì.

Ẹ kíyè sí ohun kan lára ayùn yìí, torí a ó padà wá mú un. Ní òpin ìfà kọ̀ọ̀kan, kí káfíńtà tó yí ọwọ́ padà, ayùn á dúró. Kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó dúró. Iná náà ń dúró bẹ́ẹ̀, ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kódà nígbà tí a bá rò pé ó ń tàn geere.

Agbára tí ọwọ́ káfíńtà fi ń ti ayùn ni fólítì. Ìwọ̀n 230 ló yẹ kó dé ilé wa. Ní alẹ́ ọjọ́ háàfù kọ́rẹ́ǹtì, tí tíráńsífọ́mà àdúgbò bá ti ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ, tí wáyà orí òpó sì gùn, tó sì tín-ín-rín, agbára náà lè já sí 150. Káfíńtà ṣì ń fa ayùn ní 50 ìgbà, kò fo ìkankan, ṣùgbọ́n ebi ń pa á, ọwọ́ rẹ̀ ti rọ. Háàfù kọ́rẹ́ǹtì nìyẹn.

Fádéyí sí Onípanu

Kí á fi adínnákù sílẹ̀ díẹ̀, kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọwọ́ méjì. Báwo ni a ṣe ń ti ibi méjì tan iná kan?

Súwíìsì inú yàrá, afárá ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́, afárá balẹ̀, iná kọjá; ẹ tẹ̀ ẹ́ padà, afárá ká sókè, iná dúró létí bèbè. Orí wáyà alààyè ló sì yẹ kí afárá yìí wà. Àwọn kan ń fi sórí wáyà ìpadà. Gílóòbù á kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ṣì ń dúró nínú ihò rẹ̀, ẹni tó bá gun àga láti pààrọ̀ gílóòbù ló máa mọ̀.

Èyí tí a ń fi sí àtẹ̀gùn kì í ṣe afárá. Ẹ tú u kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: mẹ́ta ni ojú wáyà tó ní, kì í ṣe méjì. Tú-wéè ni àwọn oníná ń pè é. Kò mọ bí a ti ń dí ọ̀nà. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó sì mọ̀ ọ́n ṣe ni pé kó yan ọ̀kan. Oríta ni, súwíìsì oríta. Méjì ni a ń lò, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wáyà méjì ló sì so wọ́n pọ̀. Wáyà ìbejì ni n ó pe àwọn yẹn.

Ẹ ronú nípa Ìkòròdú Road láti Fádéyí dé Onípanu. Títì ńlá wà níbẹ̀, sávíìsì léènì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ká ní ẹnì kan dúró sí Fádéyí tó ń darí gbogbo ọkọ̀ sí ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹlòmíràn sì dúró sí Onípanu tó ṣí ẹnu ọ̀kan, tó fi igi dí èkejì. Bí ti Fádéyí bá darí ọkọ̀ sí títì ńlá, tó sì jẹ́ títì ńlá ni ti Onípanu ṣí, ọkọ̀ kọjá, iná tàn. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá yí ọkàn padà, ọkọ̀ há, iná kú. Bí ẹnì kejì náà bá wá yí ọkàn padà, ọkọ̀ tún kọjá, lórí sávíìsì léènì lọ́tẹ̀ yìí. Kò sí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi lè fi ojú wo súwíìsì àtẹ̀gùn kí ẹ mọ̀ bóyá ó wà ní títàn tàbí ní pípa: ìdáhùn wà lọ́wọ́ èkejì rẹ̀.

Bí ilé bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó fi ẹnì kẹta sáàárín Fádéyí àti Onípanu. Iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Ó lè jẹ́ kí ọ̀nà méjèèjì lọ tààrà, ó sì lè mú kí wọ́n dábùú ara wọn, kí ọkọ̀ orí títì bọ́ sí sávíìsì léènì, kí ti sávíìsì léènì bọ́ sórí títì. Íntámídíètì ni súwíìsì yìí, ojú wáyà mẹ́rin ló ní. Ilé alájà mẹ́wàá, ẹ fi íntámídíètì sí gbogbo àjà tó wà láàárín, àtẹ̀gùn náà á ṣì máa gbọ́ràn sí gbogbo ènìyàn lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni gbogbo àwọn yìí mọ̀ ọ́n sọ. Ọkọ̀ kọjá tàbí kò kọjá. “Báwo lo ṣe fẹ́ kó pọ̀ tó?” kò sí nínú èdè wọn.

Bí a ti ń ṣí ilẹ̀kùn pẹ́

Àwọn tó kọ́kọ́ dín iná mànàmáná kù fi ipá ṣe é. Wọ́n gbé nǹkan tó ń dènà iná sójú ọ̀nà, gílóòbù gba díẹ̀, adènà jẹ ìyókù, ó sì sọ ọ́ di ooru. Nínú tíátà ni iṣẹ́ náà ti pọ̀. Granville Woods, ọmọ adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ètò kan fún dídín iná tíátà kù ní 1896, torí àwọn adènà ìgbà náà ń gbóná débi tí wọ́n fi lè sun ilé. (Ọdún 1896 kan náà ni àwọn ìwé ìtàn wa ń dárúkọ pé iná mànàmáná kọ́kọ́ dé Èkó.) Àbúrò adènà yẹn wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ṣómólú títí dòní: rẹgulétọ̀ fáànù àtijọ́, àpótí tó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù kékeré, tí wáyà kíká kún inú rẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn tí fáànù ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì ní nọ́ńbà kìíní, ẹ ó mọ ibi tí iná tí fáànù kò lò ń lọ.

Adínnákù òde òní kì í dènà nǹkan kan. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn pẹ́ ni.

Ilẹ̀kùn kékeré kan wà nínú rẹ̀, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, tráyákì lorúkọ rẹ̀. Irú ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é, kò sì ní ohun kan tó ń mì nínú. Àṣà méjì ló ní. Àkọ́kọ́, títì ló máa ń wà títí ẹnì kan á fi ta á jí. Èkejì, bó bá ti ṣí, kò ní padà tì níwọ̀n ìgbà tí iná bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, bí ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù tí kò jẹ́ kó padà dé. Ìgbà tí ìṣàn náà bá dúró nìkan ló ń tì. Ẹ sì rántí ayùn wa: ìgbà 100 ni ìṣàn ń dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà a kò nílò ẹni tí yóò máa ti ilẹ̀kùn náà. Ẹni tí yóò máa ṣí i la nílò.

Agbè kan ni aṣílẹ̀kùn. Àwọn oníná ń pè é ní kápásítọ̀. Ohun tó ń ṣe kò ju pé kó gba iná sínú díẹ̀díẹ̀ bí agbè tí a gbé sábẹ́ ẹ̀rọ omi. Ìfà tuntun bẹ̀rẹ̀: ilẹ̀kùn tì, gílóòbù kò rí nǹkan kan, agbè ń kún. Nígbà tó bá kún dé ọrùn, ó dà sórí ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí, gbogbo ohun tó kù nínú ìfà náà sáré wọ inú gílóòbù. Ìfà parí, ilẹ̀kùn tì fúnra rẹ̀, agbè ti ṣófo, ìfà mìíràn bẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnì tí ẹ ń fi ọwọ́ yí lójú ògiri, ẹnu ẹ̀rọ omi ni. Ẹ ṣí i gbàràgàdà, agbè kún kíákíá, gílóòbù rí bí odidi ìfà gbà. Ẹ ṣí i kó máa kán tó tó, agbè á pẹ́ kó tó kún, ìfà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí ilẹ̀kùn tó ṣí, bíńtín ló kù fún gílóòbù.

Joel Spira ló ṣe irú èyí tó wọ inú ògiri ilé ní New York ní 1959. Ó dá ilé iṣẹ́ Lutron sílẹ̀ lé e lórí ní 1961.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí háàfù kọ́rẹ́ǹtì wá hàn báyìí. Lọ́jọ́ háàfù kọ́rẹ́ǹtì, ọwọ́ káfíńtà ti rọ ṣùgbọ́n ó ń fa ayùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú dímà, ọwọ́ rẹ̀ le koko, ṣùgbọ́n ó ń gbé ayùn sókè kúrò lórí pákó ní apá kan ìfà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń dín agbára kù, èkejì ń gé àkókò. Ojú wa kò mọ̀ ọ́n torí kò yára tó láti ka 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àti pé òwú irin inú gílóòbù àtijọ́ kì í tètè tutù. Ó dà bí áyọ́ọ̀nù eléèédú tí a gbé kúrò lórí aṣọ fún ìgbà díẹ̀, tó ṣì gbóná nígbà tí ẹ bá dá a padà. Etí ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn: gílóòbù náà á máa kùn bí ẹ̀fọn, torí ilẹ̀kùn tó ń ṣí lójijì ní 100 ìgbà ń gbo òwú rẹ̀ jìgìjìgì.

Ohun kan tí méjèèjì fi jọra ni àwọ̀. Òwú irin tí ooru rẹ̀ bá dín á pọ́n. Ní Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún láti òpópónà dé òpópónà, tí wọ́n ń tẹ ìwé, kàlẹ́ńdà àti káàdì ìgbéyàwó, kò sí atẹ̀wé tó mọṣẹ́ tí yóò yẹ àwọ̀ iṣẹ́ oníbàárà wò lábẹ́ gílóòbù olówùú tí a dín kù. Funfun á dà bí ìpara, búlúù á dà bí dúdú, ìjà á sì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì nígbà tí oníbàárà bá gbé e síta gbangba.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí búréèkì

Nísinsìnyí, kí a padà sí àtẹ̀gùn Màmá. Dímà méjì lórí ọ̀nà kan, ilẹ̀kùn méjì nìyẹn tí iná gbọ́dọ̀ gbà kọjá ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Ìfà bẹ̀rẹ̀. Agbè ti ìsàlẹ̀ fẹ́ kún, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn òkè ṣì tì, ohun tó ń rí kò ju ẹ̀kán omi kan lọ. Ilẹ̀kùn òkè ṣí. Ó ń retí kí iná gba inú òun kọjá kí òun má baà padà tì. Ṣùgbọ́n ti ìsàlẹ̀ kò tíì ṣí, kò sí ìṣàn, ó padà tì. Nígbà tí ti ìsàlẹ̀ bá wá múra tán, ti òkè ti sùn. Wọ́n ń dúró de ara wọn bí ẹni méjì tó pàdé lẹ́nu ọ̀nà tóóró, tí ọ̀kan ń sọ pé “Ẹ kọjá,” tí èkejì ń sọ pé “Rárá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọjá.” Nínú ìfà kan wọ́n bára mu, nínú èyí tó tẹ̀lé e wọn ò bára mu: iná tó ń ṣẹ́jú tí Màmá rí nìyẹn. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé wọ́n bára mu, ẹni tó pẹ́ jù nínú wọn ló ń pinnu. Bí ti ìsàlẹ̀ bá ṣí ilẹ̀kùn nígbà tí ìfà ku ìdá kan nínú mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́rin náà ni gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni á rí, ì báà jẹ́ pé Màmá yí tòkè títí ọwọ́ fi bó.

Ọ̀nà àbáyọ tó rọrùn jù ni dímà kan àti súwíìsì oríta kan. Ọ̀pọ̀ dímà ló ní ojú wáyà mẹ́ta lẹ́yìn, oríta àti ilẹ̀kùn nínú àpò kan. Ẹ fi sókè, ẹ jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ jẹ́ tú-wéè lásán. Ibi méjèèjì á máa tan iná, wọ́n á máa pa á, ṣùgbọ́n òkè nìkan ni a ti lè dín in kù. Ó tó fún ọ̀pọ̀ ilé, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Kì í ṣe ohun tí Màmá béèrè ni.

Ohun tí Màmá béèrè, bí dáńfó ṣe ń ṣe ni. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè dá ọkọ̀ dúró, ó kàn máa kígbe pé “Ó wà o!” ni. Ẹni tó wà ní àárín lè kígbe, kọ́ńdọ́kítọ̀ lè fi ọwọ́ lu ara ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tó ní búréèkì lábẹ́ ẹsẹ̀. Búréèkì kan ló wà, ẹsẹ̀ kan ló wà lórí rẹ̀, ti awakọ̀. Ọkọ̀ tí gbogbo èrò bá ní búréèkì tirẹ̀ kò ní dé Ọ̀yìngbò láéláé.

Bẹ́ẹ̀ ni adínnákù ọlọ́wọ́-púpọ̀ ṣe rí. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà, nínú dímà awakọ̀. Àwọn yòókù, nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó bá wù yín, bọ́tìnì tó ń kígbe ni wọ́n. Kọ̀ǹpútà tó kéré bí ìrẹsì wà nínú awakọ̀ tó ń tẹ́tí. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì kí ẹ sì tètè fi í sílẹ̀, ó gbọ́ pé “tan” tàbí “pa.” Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó gbọ́ pé “máa gbé e lọ sókè” tàbí “máa mú un bọ̀ nísàlẹ̀,” títí ẹ ó fi gbọ́wọ́ kúrò. Wáyà tó ń gbé igbe yẹn kò gbé iná gílóòbù. Ohùn ló ń gbé. Àwọn irú kan kò tilẹ̀ lo wáyà rárá, afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ bíi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n.

Ilé tó bá ti ní súwíìsì oríta tẹ́lẹ̀ jẹ̀gbádùn, torí wáyà ìbejì ti wà nínú ògiri. A lè sọ ọ̀kan di wáyà tó ń gbé iná kọjá, kí èkejì di wáyà ohùn, láìfọ́ ògiri kankan. Ìṣòro tó kù ni ti wáyà ìpadà. Kọ̀ǹpútà inú dímà awakọ̀ ní láti jẹun, kódà nígbà tí iná bá kú, oúnjẹ yẹn sì nílò ọ̀nà àlọ àti ọ̀nà àbọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ wa, òkè àjà ni wáyà ìpadà ń gbà lọ bá gílóòbù, kì í sọ̀ kalẹ̀ wá sínú àpótí súwíìsì. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè kí ẹ tó sanwó: “Ṣé ó ń gba nútírà àbí kò gbà á?”

Gílóòbù tí kò fẹ́ rẹlẹ̀

Ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ bá gílóòbù olówùú mu rẹ́gí. LED ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò báyìí, LED sì ní orí kunkun. Iná alọ-má-bọ̀ ló ń jẹ. Ẹ̀rọ kékeré kan wà ní ìdí rẹ̀ tó ń gba àlọ-àbọ̀, tó ń sọ ọ́ di alọ-má-bọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán ẹ̀rọ yẹn ni pé bí iná bá lọ sókè bó bá wá sílẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ má yí padà. Ìdí nìyẹn tí LED kan kì í fi í pọ́n lálẹ́ háàfù kọ́rẹ́ǹtì, a sì ń yìn ín fún un. Ẹ wá fi dímà sí i: dímà ń gé ìfà, ẹ̀rọ náà rò pé háàfù kọ́rẹ́ǹtì ló dé, ó ń jà láti tún un ṣe. Bí apá rẹ̀ bá ká a, iná kò ní dín. Bí apá rẹ̀ kò bá ká a mọ́, iná á máa kú, á máa jí. Èyí tí wọ́n bá kọ “dimmable” sí lára páálí nìkan ni ẹ̀rọ rẹ̀ mọ̀ pé dímà wà láyé. Ọ̀pọ̀ gílóòbù énájì onípáìpù kíká kò mọ̀ ọ́n, ẹ má fi dímà sí i.

Ìṣòro kejì ni pé LED fúyẹ́ jù. Ilẹ̀kùn tráyákì nílò ìṣàn tó tó kó má baà padà tì. Lára ọ̀pọ̀ dímà àtijọ́, wọ́n á kọ ọ́ pé láti 40 wáàtì dé 400. Gílóòbù olówùú kan, 60 wáàtì, ti tó. LED mẹ́rin oní-7-wáàtì, 28 péré, afẹ́fẹ́ ò tó láti di ilẹ̀kùn mú. Irú dímà mìíràn wà fún LED tó ń ṣe é ní òdì kejì: ìbẹ̀rẹ̀ ìfà ló ń jẹ́ kó kọjá, ìparí rẹ̀ ló ń gé, kò sì ta gìrì bí ti tẹ́lẹ̀. Òun ló dákẹ́ jù lọ.

Àwọn kan á ní LED àtẹ̀gùn àwọn ń tàn bí iwin lẹ́yìn tí àwọn ti pa á. Kì í ṣe iwin. Wáyà ìbejì méjì tó sùn ti ara wọn nínú páìpù kan náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ọ̀kan ní iná, èkejì kò ní. Iná àlọ-àbọ̀ a máa ta bíńtín sí aládùúgbò rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Gílóòbù olówùú kò ní mọ̀. LED á fi í ríran.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ínfátà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojúlówó ayùn ló ń fà. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan ń fò láti òkè sí ìsàlẹ̀ bí ẹni ń fi òòlù lu nǹkan, agbè inú dímà kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó kún. Ariwo àti ooru ni wọ́n á fi dá yín lóhùn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dímà gílóòbù darí fáànù: mọ́tò kì í ṣe gílóòbù, á gbóná, á kùn, ó lè jó.

Ṣé dídín iná kù ń dín owó kù? Láti oṣù kẹrin 2024 tí owó iná Band A fò sí ₦225 lórí yúníìtì kan, ìbéèrè yìí ni mo ń gbọ́ jù. LED tí a dín sí ìdajì ń jẹ nǹkan bí ìdajì. Gílóòbù olówùú kò ṣe bẹ́ẹ̀: bẹ́ẹ bá dín oúnjẹ rẹ̀ sí ìdajì, ìmọ́lẹ̀ tó máa kù kò ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, torí òwú tó tutù ń fi èyí tó pọ̀ jù ṣe ooru.

Ní ti àtẹ̀gùn Bàrígà, oníná mìíràn ló padà ṣe é, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba tó ń yẹ iṣẹ́ oníná wò. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó pa kọ́táòtù ilé, ó sì fi tẹ́sítà kan wáyà kọ̀ọ̀kan kó tó fọwọ́ kàn án. Ó ní òun ò gba àwọ̀ wáyà gbọ́ ní ilé tó ti pẹ́, torí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é lè ti fi dúdú ṣe wáyà alààyè lọ́jọ́ tí pupa tán. Àpótí òkè kò jìn tó fún dímà awakọ̀, èyí tó sanra ju súwíìsì lásán lọ. Wọ́n fi ṣísù gbẹ́ ògiri díẹ̀, Màmá sì bínú nítorí ọ̀dà tuntun. Ó fi nútírà kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà. Ó yọ dímà ìsàlẹ̀ sọnù, ó fi bọ́tìnì sí i, ó so ó mọ́ ọ̀kan nínú wáyà ìbejì. LED tó lè rẹlẹ̀ méjì ló fi parí rẹ̀.

Màmá ti ń sùn báyìí. Wọ́n ní àwọn ń ti orí bẹ́ẹ̀dì mọ ẹni tó wọlé: ọmọ Yunifásítì Èkó tó ń gbé nísàlẹ̀ á tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ títí gbogbo abẹ́ ilẹ̀kùn á fi funfun báláú, ayálégbé kan tó ń ṣiṣẹ́ awakọ̀, tó ń gbé lókè, ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríran mọ́ nítorí oorun, á kàn fọwọ́ tọ́ ọ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á yọ bí ti fìtílà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fa òwú rẹ̀, á sì máa gun àtẹ̀gùn lọ jẹ́ẹ́jẹ́.